Páásípọ́ọ̀tù Kọ́ Ló Ń Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí oṣù Keje bá ti wọlé, ìkéde kan náà ló máa ń kún orí WhatsApp wa: ẹ wá máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà, ilé ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú ọ̀fẹ́, bí ìsinmi bá sì dé kí ẹ máa yí ayé ká. Wọn á fi àwòrán òyìnbó tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn létí òkun sí i, wọn á kọ nọ́ńbà ejẹ́ǹtì sí ìsàlẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù ni ejẹ́ǹtì máa ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn kan nínú wa ti san án.

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àdáni ní Kòríà Gúúsù ló ń gba ilé fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti òkè òkun wá. Bí ọlidé bá dé, olùkọ́ náà á bọ́ sí Japan tàbí Thailand, á gbafẹ́, á padà síbi iṣẹ́. Ohun tí ejẹ́ǹtì kì í sọ ni irú ẹni tí wọ́n ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Físà tí wọ́n ń fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní E-2, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n là á kalẹ̀ fún: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ghana náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Bí o bá gba First Class nínú Gẹ̀ẹ́sì ní Unilorin, tí o sì gba ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni lé e, ọ̀nà yẹn kò ṣí fún ọ. Ọmọ Kánádà tó ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní Toronto, tí kò dúró níwájú kíláàsì rí, ọ̀nà ṣí fún un. Kì í ṣe ohun tó wà lórí olùkọ́ ni wọ́n ń wò, àwọ̀ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni.

Wọ́n á ní abínibí ni àwọn ń wá, ẹni tó mu Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọmú. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí South Africa fi wà nínú àwọn 7 náà? Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wọn níbẹ̀ kò tó 10 nínú 100. Zulu, Xhosa àti Afrikaans ni èdè ilé ọ̀pọ̀ wọn. A kò bínú sí wọn, ọmọ ìyá wa ni wọ́n, a sì mọ̀ pé wọ́n lè kọ́ni dáadáa. Ohun tí à ń sọ ni pé bí ẹni tí Zulu jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ bá lè kọ́ ọmọ Seoul ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ náà lè kọ́ ọ.

A mọ ohun tí à ń sọ nípa iṣẹ́ yìí, nítorí à ń ṣe é. Bí ilé ìwé bá ti padé, àwa mélòó kan máa ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Tanke àti Òkè-Odò lọ sí GRA níbí ní Ìlọrin, láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní "summer lesson". Ìlọrin kò ní summer o. Òjò ló ń rọ̀ sí wa lórí nígbà tí à ń lọ, kẹ̀kẹ́ á ta ẹrẹ̀ sí wa láṣọ, ṣùgbọ́n orúkọ tó ń ta ọjà nìyẹn. Níbẹ̀ la ti ń kọ́ ọmọ ní àyọkà àti àròkọ. Níbẹ̀ la ti ń fi ìyàtọ̀ "ship" àti "sheep" hàn án. A mọ̀ pé á ṣi í sọ, nítorí Yorùbá kò ya ohùn méjèèjì yẹn sọ́tọ̀, àwa náà sì ti kọjá níbẹ̀. Òyìnbó tó bá wọn sọ ọ́ láti kékeré kò ní mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ló mọ ibi tí kòtò wà.

Tí a bá sì ń wá ẹ̀rí pé èèyàn lè di ọ̀gá nínú èdè tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, kí ó sì máa rìn káàkiri láti kọ́ni, Ìlọrin kọ́ ló yẹ kó lọ tọrọ rẹ̀ níbòmíràn. Ayé ìgbà wo ni àwọn aláfàá Ìlọrin kò ti máa rìnrìn àjò kọ́ni ní Lárúbáwá? Ẹ wo Sheikh Adam Abdullah al-Ilori. Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Dahomey ní 1917. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó kọ ìwé rẹpẹtẹ ní Lárúbáwá, àwọn ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá fúnra wọn sì kà á. Kò sí òbí tó dá ọmọ padà nílé nítorí pé wọn kò bí Sheikh sí Mẹ́kà. Ìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìtàn àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1961 tí Ààrẹ Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀, Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rán èèyàn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sì wá ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Margery Michelmore, tó wà lára àwọn tó ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní University College, Ìbàdàn, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó sọ bí ìgbé ayé wa ṣe rí lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dára. Káàdì bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ọgbà, wọ́n fẹ̀hónú hàn, obìnrin náà sì padà sílé. Síbẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa, púpọ̀ nínú wọn sì ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. A kò pe gbogbo wọn ní aláìmoore. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé a gba ọ̀dọ́ tí kò ní ìrírí láàyè láti wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lónìí, ọ̀dọ́ tiwa tó ní ìrírí kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́yìn odi.

Bìrìtéènì tó gbé Gẹ̀ẹ́sì wá bá wa ńkọ́? Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọn kì í bi ọmọ wọn ní ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì bó bá ń tọrọ físà wọn. Jamaica wà níbẹ̀. Malta wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè Malta ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn yunifásítì kan ń gba èsì WAEC, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ṣì ń jókòó ṣe IELTS. Owó rẹ̀ ti ju 200,000 náírà lọ, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000. Lẹ́yìn ọdún 2, èsì náà ti kú. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì máa ń jó rẹ̀yìn lẹ́nu bí omi inú agbada ni?

Ibi tó dùn wá jù nìyí o. Ètò kan wà lábẹ́ Fulbright tí wọ́n ń pè ní FLTA. Ó ti mú ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà fún oṣù 9. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lọ kọ́ wọn. Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ni. Amẹ́ríkà sanwó kí a wá fi Yorùbá kọ́ ọmọ wọn. Nílé ńkọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn òbí kan sì wà tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ wa, kí a tó gbẹ́sẹ̀ lé pálọ̀ wọn, bóyá a ní ohùn òyìnbó lẹ́nu. Wọn kì í béèrè bóyá a mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ ò rí i pé òfin Kòríà ti wọ GRA?

Irọ́ tó wà nídìí ìwà yìí ni pé Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ifẹ̀ ti já irọ́ náà láti 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni. Ibo ló ti kéde rẹ̀? Níbi àpérò British Council ní Àbújá. British Council yìí wà lára àwọn tó ni IELTS. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é.

Nítorí náà, ohun tí à ń fẹ́ nìyí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì kankan àyàfi tí ó bá fi ìlànà físà orílẹ̀-èdè náà hàn yín láti ojú ewé ìjọba wọn, tí orúkọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ fi físà ìbẹ̀wò wọlé kí ẹ tó wá iṣẹ́, àtìmọ́lé ló ń tà fún yín. Bó bá jẹ́ pé ìrìn àjò àti ìkọ́ni ló wù yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wa pẹ̀lú: ẹnubodè Chikanda wà nínú Kwara níbí, àdéhùn ECOWAS gbà wá láàyè láti wọ Benin àti Togo fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Cotonou tipẹ́. Ẹ béèrè òfin iṣẹ́ wọn kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ipò, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, láti 1987 ni Nàìjíríà ti ń rán olùkọ́ àti dókítà sí orílẹ̀-èdè mìíràn lábẹ́ Technical Aid Corps, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà. Ẹni tó ń rán olùkọ́ jáde lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó pẹ̀lú Kòríà àti Bìrìtéènì, kí ó ní kí wọ́n fi ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí wọn olùkọ́ wa, kí wọ́n yé fi páásípọ́ọ̀tù wọ̀n wọ́n.

Ẹ̀yin òbí àti onílé-ẹ̀kọ́ ní GRA, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ fagi lé owó ìtanràn Yorùbá kí ìwọlé oṣù Kẹsàn-án tó dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba olùkọ́, ẹ jẹ́ kó wá kọ́ kíláàsì kan lójú yín, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe lóye ohun tó kọ́ wọn. Àwa ti ṣe tán láti wá.