Ọmọ Ya Fídíò, Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 2017, ọmọbìnrin kan lọ kí bàbá ẹ̀ níléeṣẹ́ Apple, ní California. Bàbá gbé iPhone X tí wọn ò tíì kó sọ́jà fún un. Ọmọ yà á ní fídíò, ó gbé e sórí YouTube. Wọ́n ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́, àmọ́ ẹyin ti fọ́. Ni wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Ọ̀tá kọ́ ló ṣe é o, ọmọ tó ń fi bàbá ẹ̀ yangàn ni! Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ará ilé yín. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí ọ̀gá, ẹ má tiẹ̀ fi hàn wọ́n.