Ìmọ́lẹ̀ Tó Jò Wọlé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọnà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Àwa tí à ń fi kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ya fọ́tò, tí à ń fi aṣọ dúdú borí ká tó rí ojú ẹni tí a fẹ́ yà, ìwà ọ̀lẹ ti wọ inú iṣẹ́ wa. Orúkọ tí a wá fún un ni "style".

Lọ́dún tó kọjá, a lọ sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, létí ọ̀sà, láti ya màmá kan tó ń yan ẹja. Màmá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ òkè, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí a ṣe ní kí wọ́n jókòó. Fíìmù méjì péré la ní lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fọ̀ wọ́n tí a sì tẹ̀ wọ́n jáde, ìlà funfun kan gba ojú màmá kọjá nínú méjèèjì, láti etí dé àgbọ̀n. Ọ̀kan nínú wa gbé e sórí Instagram. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́: ó rẹwà, ó dà bíi ti ayé àtijọ́. Inú wa dùn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ màmá pè wá. Màmá ti kú, wọ́n ń wá fọ́tò tí wọ́n máa fi sí ìwé ìsìnkú. A ò rí nǹkan kan fún un.

Kámẹ́rà kọ́ ló ṣẹ̀, lẹ́ǹsì kọ́. Ilé fíìmù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà yìí kì í lo fíìmù tó ká. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni fíìmù rẹ̀, ínǹṣì 4 sí 5, inú òkùnkùn la sì ti ń kì í bọ inú ohun pẹlẹbẹ kan tí olóyìnbó ń pè ní film holder. Ìhà méjì ló ní, fíìmù kan níhà kọ̀ọ̀kan, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ní ìlẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fà yọ ká tó ya fọ́tò, tí à ń tì padà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ìlẹ̀kùn ń gbà wọlé, aṣọ bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló ń dí ìmọ́lẹ̀. Ní òdìkejì, ìdérí kékeré kan wà tí aṣọ mú mọ́ra. Aṣọ méjèèjì yìí ló máa ń gbó. Bí àbàwọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìlẹ̀kùn, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló ti kú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdérí, aṣọ ìdè ló ti là.

Kí là ń ṣe dípò ká wò ó? À ń tu owó jọ láti ra lẹ́ǹsì mìíràn. À ń ra ilé fíìmù àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí a ò rí, fọ́tò rẹ̀ nìkan la wò. Òrùlé ń jò, a lọ ra tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn tó sì ń sọ pé àbàwọ́n yẹn jọ ti ayé àtijọ́, ta ló sọ fún wọn pé àwọn ará àtijọ́ ń ṣe wúruwùru? Solomon Osagie Alonge ṣí Ideal Photo Studio ní ìlú Benin ní 1942. Ó fi gíláàsì ya fọ́tò, ó ya àwọn ará ààfin Ọba. Ní 2014, Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington. Ẹ lọ wo àwọn ojú náà, kí ẹ wá wo tiwa.

Wọ́n tún ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rìn wọ Ṣómólú, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá máa gbé e débẹ̀ láti Akọka kó tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ l'Ékòó nìyẹn. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń di ìwé wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ń di ìwé gba ilé fíìmù wa, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣebí ẹ̀yìn ìwé lèyí!" Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pààrọ̀ ìdè náà. Ti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló yọ wá lẹ́nu. Èyí tí a gbà lọ́dọ̀ télọ̀ ti nípọn jù, ìlẹ̀kùn ò wọlé mọ́, a tú u, a tún un lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn atẹ̀wé fi ń ṣe pléètì o. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ pupa ò ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì fẹ́lẹ́ ju èyí tí wọ́n ṣe ilé fíìmù fún, ó sì lè tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Jíjìn ilé fíìmù 4 sí 5 jẹ́ ínǹṣì 0.197, ìyàtọ̀ tí wọ́n gbà láàyè ò ju 0.007 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, ẹ ti gbọ́.

Ìdánwò rẹ̀ ò le. Ẹ ki bébà fọ́tò sí i dípò fíìmù, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ máa yí i káàkiri, kí ẹ wá fọ bébà náà. Ibi tó bá ṣú dúdú, ibẹ̀ ló ń jò. Bí ẹ bá ń ti ìlẹ̀kùn padà, kó wọlé lọ́gbọọgba, kí igun kan má ṣáájú èkejì, torí igun náà ló ń ṣí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, itọ́ ni ẹ ń fẹ́ sí i. Ẹ di í sínú ọ̀rá, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ní ti òkùnkùn láti ki fíìmù, NEPA ń gbìyànjú fún wa, àfi gílóòbù oní-jẹnẹrétọ̀ tó wà ní yàrá kejì.

Mẹ́rìnlá la ní. A kọ nọ́ńbà sí gbogbo wọn, a dán wọn wò. Mẹ́fà ló yege. A ti tún márùn-ún ṣe ní Ṣómólú, a tú mẹ́ta yòókù fún ẹ̀yà ara wọn. Nọ́ńbà 9 ló ba fọ́tò màmá jẹ́. Kò jò mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e jáde nínú wa. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn pé ìmọ́lẹ̀ tó jò ló lẹ́wà, kó gbé tiẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé. Bébà wà.