Kí ọmọṣẹ́ fíríjì tó gbòmìnira

Bí fíríjì ìyá ẹlẹ́ja yìnyín bá kọṣẹ́ ní Ọ̀wẹ̀nà, nílẹ̀ Ìdànrè, ọmọṣẹ́ tó bá dé a gé páìpù, gáàsì á fẹ́ jáde ṣìì, a sì tún rọ òmíràn sí i. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Gáàsì R-600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríjì tuntun máa ń gbiná, iná ìjópáìpù sì wà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. R-22 inú ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ ní tiẹ̀ ń ba ìpele ósóònù jẹ́. Àdéhùn Montreal ọdún 1987 ló ń lé e kúrò lọ́jà. N kò lòdì sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí ibẹ̀ ni etí ti ń mọ ohùn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbàdúrà òmìnira fún ọmọ, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka géèjì, kó mọ bí wọ́n ṣe ń fa gáàsì sínú sìlíńdà. Àjọ NABTEB ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó san owó ìdánwò náà fún àwọn ọmọṣẹ́ wa, kó sì ra ẹ̀rọ ìfagáàsì tí àwọn ọ̀gá á jọ máa lò.