Àìlólórí Kọ́ ni Àìlétò

Bí tiráńsífọ́mà bá jó ní àdúgbò kan ní Ìjẹ̀gùn, kì í ṣe ìjọba ni àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ ń ké sí. Wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yan ẹni tí yóò tọ́jú owó náà, wọ́n á sì rán èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ bá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ti géètì òpópónà, ti ọdẹ alẹ́, àti ti kòtò tí àgbàrá òjò gbẹ́ sójú ọ̀nà. Kò sí òfin kankan láti Abùjá tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ òṣèlú, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

Anákísíìmù ni orúkọ náà. Létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí rúkèrúdò, sí ìlú tí kálukú ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó gbé èrò náà kalẹ̀ ń sọ ni pé àwọn èèyàn lè ṣètò ìgbé ayé ara wọn láìsí ẹni tí yóò máa fi kóńdó darí wọn. Peter Kropotkin, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1902 láti fi hàn pé ìrànlọ́wọ́ láàárín ara wọn wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀dá máa wà láàyè nìṣó. Ní Nàìjíríà níbí, Sam Mbah àti I. E. Igariwey tẹ ìwé African Anarchism jáde lọ́dún 1997. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwùjọ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń gbé ìgbé ayé tó jọ bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba tirẹ̀ dé.

Ọmọ Yorùbá lè jiyàn pé ilẹ̀ ọba àti ìjòyè ni ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ilẹ̀ àìlólórí. Òótọ́ ni. Àmọ́ àáró, ọ̀wẹ̀ àti èsúsú kò dúró de àṣẹ ọba kankan. Àgbẹ̀ mẹ́fà á fọwọ́ so ọwọ́, wọ́n á ro oko ẹni kìíní lónìí, wọ́n á ro ti ẹnì kejì lọ́la. Ìtìjú àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni adájọ́ wọn. Láti inú gbòǹgbò yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ti hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni ìpè rẹ̀ ti kọ́kọ́ dún.

Ọdún 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS sílẹ̀ láti kojú àwọn adigunjalè. Nígbà tó fi máa di ọdún 2020, ọ̀dọ́ tó bá di irun tàbí tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání ti di adigunjalè lójú wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní Aláùsá, ní Lẹ́kí àti káàkiri orílẹ̀-èdè, kò sí alága, kò sí akọ̀wé. Síbẹ̀, oúnjẹ ń dé lásìkò. Omi kò wọ́n. Àwọn agbẹjọ́rò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ agbáláìsàn wà nítòsí. Bí ìwọ́de bá parí, àwọn kan á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbá ojú títì.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Feminist Coalition, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ. Nígbà tí ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n yà sí bitcoin. Wọ́n sì ń tẹ ìṣirò owó náà síta kí gbogbo ayé lè rí i. Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ní Nàìjíríà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó ní alága ti ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ́de tí kò ní alága gbà á láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde ẹ̀ka tuntun tí wọ́n pè ní SWAT.

Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìwọ́de náà ní èsì kan tó lágbára. Wọ́n ní, ẹ wo ibi tó parí sí. Lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn ní Lẹ́kí ní ogúnjọ́ oṣù náà, iná sọ káàkiri Èkó. Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, àgọ́ ọlọ́pàá Ìkọ̀tún àti ti Ìgàndò wà lára àwọn tí wọ́n dáná sun. Àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n kó oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú nítorí àrùn Kòrónà lọ. Wọ́n ní bí ìwọ́de náà bá ní olórí ni, olórí náà ì bá ti bá ìjọba jókòó, ì bá sì ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ wálé kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní gbígbé yẹ̀wò, nítorí Nàìjíríà ti dán ìwọ́de tó ní olórí wò. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba gbé owó epo láti náírà 65 sí 141. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pe ìyanṣẹ́lódì, ọ̀pọ̀ èrò sì ń péjọ lójoojúmọ́ ní Ọ̀jọ́ta. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní, ìjọba dín owó náà kù sí náírà 97, àwọn olórí òṣìṣẹ́ sì dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Àwọn tó ní àfi kó padà sí 65 kò sí níbi tí wọ́n ti fẹnu kò, àwọn sójà ni wọ́n sì bá ní Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ náà. Olórí lè kó èèyàn wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè fi ọwọ́ sí ohun tí wọn kò rán an. Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 2020 fi kọ̀ láti yan ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Àwọn tó gbàgbọ́ pé àṣẹ láti òkè nìkan ló ń mú ètò wá kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Ní Ìjẹ̀gùn, ẹ̀rọ kátapílà tí wọ́n fi ń la ọ̀nà lọ gé páìpù epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Iná ṣẹ́ yọ nítòsí ilé ẹ̀kọ́, àjọ Red Cross sì sọ pé nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Iṣẹ́ tó ní aláṣẹ, tó ní àdéhùn, tó ní ọ̀gá, ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ ètò aráàlú di áńgẹ́lì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé ti Kòrónà wà lójú ọpọ́n, ìró àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń jalè gba Agége, Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn àdúgbò mìíràn kan. Láìsí àṣẹ ẹnikẹ́ni, àwọn ọkùnrin dáná táyà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń ṣọ́ òru pẹ̀lú àdá àti igi. Ààbò ni fún ẹni tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ilẹ̀ ṣú mọ́ ní irú òru bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu, nítorí àwọn tó mú un náà ni adájọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà tó ń gbá títì ló ń gbé àdá. Ohun tó ń yà wọ́n ni bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti lè béèrè pé, ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí tọ́?

Ibẹ̀ ni àléébù oṣù Kẹwàá wà. Ìwọ́de náà mọ bí a ṣe ń bọ́ èèyàn, ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí gbogbo wọn ti lè pinnu pọ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde òfin kónílé-ó-gbélé tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó tó sún un sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, kálukú ló dá ìpinnu tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀bi ìbọn kò sí lórùn ẹni tó jókòó tó di àsíá mú. Ẹni tó yìnbọn ló ni ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àpéjọ tí ìpè orí fóònù kó jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ní àṣà ìjíròrò tí ó gba ọdún púpọ̀ láti gbìn.

Àdúgbò ni wọ́n ti ń gbin irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti kan Ìjẹ̀gùn padà nìyí. Ìpàdé tó ń ra tiráńsífọ́mà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti sọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ayálégbé ń san owó géètì, kì í dìbò lórí àsìkò tí wọn yóò tì í. Ọmọ ọdún méjìlélógún tí àwọn ọlọ́pàá ń dá dúró lójoojúmọ́ kò ní àga nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò ààbò. Abájọ tó fi jẹ́ pé ojú títì nìkan ló kù fún un láti sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwọn onílé bá ṣí ilẹ̀kùn ìpàdé wọn fún ayálégbé àti ọ̀dọ́, tí wọ́n ń tẹ ìṣirò owó síta bí àwọn obìnrin ọdún 2020 ti ṣe, tí wọ́n sì ń rán aṣojú tí wọ́n lè pè padà lọ́jọ́ tó bá ṣìnà, ìwọ́de tó ń bọ̀ yóò bá ètò nílẹ̀. Ìwọ́de mìíràn yóò sì wáyé, nítorí ohun tó fa èyí àkọ́kọ́ kò tíì tán. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá ti bá aládùúgbò rẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ tiráńsífọ́mà yóò mọ ilé ẹni tí òun yóò kàn kí wọ́n tó jọ pinnu bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n lọ.