Kí èbúté tuntun tó dé Àgbádárìgì

Kò sí ìpàdé tí mo lè jókòó sí ní Àgbádárìgì láyé ìsinyìí kí wọ́n má dárúkọ èbúté ńlá tí ìjọba fẹ́ kọ́ sétí òkun wa. Ní 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà kò sì jẹ́ ká gbádùn: ẹbí kan á bá oníbàárà tiẹ̀ dúnàá-dúrà láàárọ̀, ẹbí kejì á bá òmíràn sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, kálukú sì ń fi tiẹ̀ pamọ́ fún èkejì. Ọmọ Ègùn ni mí, ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irú eléyìí ti ṣẹlẹ̀ níbí rí, ojú wa sì rí màbo.

Ọ̀nà kan náà ni gbogbo àlejò tó wá wo ìlú wa máa ń tọ̀. Wọ́n á wo ẹ̀wọ̀n ẹrú nílé Mobee, wọ́n á yọjú wo yàrá há-ǹ-há nílé Sẹ́ríkì Abass, wọ́n á wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà sí Gberefu, wọ́n á rin iyanrìn gbígbóná dé ibi kànga ìgbàgbé, wọ́n á sì ya fọ́tò létí òkun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń mú wọn káàkiri kì í sábà sọ bí ìlú yìí ṣe di èbúté, àti bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n tí a nílò lónìí wà.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òyìnbó kò lè sún mọ́ etí òkun wa. Agbami ni yóò ju ìdákọ̀ró sí, àwọn atukọ̀ á wá fi ọkọ̀ onígi la ìgbì lọ bá a. Ẹ lọ wo àwọn apẹja Gberefu, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ á máa fojú ka ìgbì. Bí èyí tó tóbi bá ti fọ́ tán, á kígbe, gbogbo àjẹ̀ á wọmi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá fi nǹkan díẹ̀ pẹ́, ọkọ̀ dojú dé nìyẹn. Ẹrù tó bá gúnlẹ̀ láyọ̀, wọ́n á rù ú la iyanrìn kọjá, wọ́n á tún fi ọkọ̀ gbé e sọdá ọ̀sà kó tó wọ̀lú. Ọ̀sà yẹn ló já sí Àjàṣẹ́ lápá kan, tó sì já sí Èkó lápá kejì. Iyọ̀, ẹja àti aṣọ Ìjẹ̀bú ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀sà gan-an ni ọrọ̀ wa.

Ẹni tí ogun lé kúrò níbòmíràn ló sọ ìlú wa di èbúté òwò ńlá. Ní 1724, Agaja ọba Ìdàhọ̀mì ṣẹ́gun Àláàdá. Ní 1727 ó gba Wídà. Ní 1732 ó pa Jakin run. Oníṣòwò ará Họ́láńdì kan wà ní Jakin, Hendrik Hertogh lorúkọ rẹ̀, Huntokonu làwọn èèyàn wa ń pè é. Òun àtàwọn tó sá àsálà pẹ̀lú rẹ̀ gba orí ọ̀sà wá síhìn-ín, àwọn baba wa sì fún wọn láyè. Kò pẹ́ tí òwò fi gbèrú. Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa jẹ: èèyàn ni wọ́n ń tà jù lọ lọ́jà náà, àwọn baba wa sì wà lára àwọn tó ń tà á. Ní 1738, wọ́n pa Huntokonu.

Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹnì kan tí apá rẹ̀ ká gbogbo ìlú. Àdúgbò mẹ́jọ la ní: Ahoviko, Boeko, Jegba, Posuko, Awhanjigo, Asago, Ganho àti Wharako. Olóyè kọ̀ọ̀kan wá òyìnbó tirẹ̀ mú. Èyí ń bá Potogí ṣe, èyí ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá inú ilé ń pọ̀ sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ìdàhọ̀mì gbógun dé ní 1784, tí ọkọ̀ ogun Èkó náà sì gba orí ọ̀sà wá, ó bá wa nínú ìjà abẹ́lé. Ìlú fọ́.

Èkó yìí kan náà! Akínṣemóyìn sá wá síhìn-ín kó tó jọba Èkó. Ibí ló ti mọ àwọn Potogí tó pè lọ sílé lẹ́yìn náà. Adélé, ọba Èkó mìíràn, náà fi ibí ṣe ibi ìsádi. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ọba Èkó ní 1845, ọ̀dọ̀ wa ló fàbọ̀ sí. Ìlú pín sí méjì nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa, àwọn kan gbè sẹ́yìn Akíntóyè, àwọn kan sẹ́yìn Kòsọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà 1851, ogun bẹ́ láàárín wa, iná sì jó ilé rẹpẹtẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Oníṣòwò tẹ̀lé e lọ, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà kó lọ. Ìlú tí wọ́n ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà di èyí tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá.

Àwọn kan á ní èbúté tó ta èèyàn kò ní ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ wa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti ta ọmọlàkejì nígbà yẹn ni pé olóyè kọ̀ọ̀kan ń dá bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ta ilẹ̀ báyìí.

Kí Akran, ọba ìlú wa, àtàwọn olóyè àdúgbò mẹ́jọ̀ẹ̀jọ jókòó pọ̀ kí a tó tún ta ilẹ̀ kan sí i. Kí wọ́n ka ìwé àdéhùn ní gbangba, lédè Ègùn àti Yorùbá. Kí àwọn apẹja Gberefu mọ ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ kí katakata tó dé. Oníṣòwò tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, kó wá bá gbogbo wa. Èyí tó bá ní àdúgbò kan ṣoṣo lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.