Ẹ Wo Etí Béárì Kí Ẹ Tó Dá Iye Lé E

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti gọ́tà tó dí. Ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi onírun ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tẹ́dì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ẹnì kan nínú wa, ní ìlà àwọn tó ń ta òkìríkà ohun ìṣeré, ló tú béèlì tó ti ìlú Òyìnbó dé. Tẹ́dì kan wà nínú rẹ̀ tó ti gbó kanlẹ̀. Irun ikùn rẹ̀ ti re, èérún pákó sì ń jò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà béárì, ẹ kú ìrìn. Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan dé. Kò wo àwọn èyí tó mọ́ tó ń dán. Èyí tó gbó yẹn ló mú, ó fi ìka tú irun etí rẹ̀ òsì, ó wò ó, ó yí apá rẹ̀ po, ó sì san iye tí a pè láì ná an rárá. Iye yẹn kò ju owó ẹ̀kọ àti àkàrà lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oníbàárà tí kò bá ná ọjà, ó ní ohun tó rí. Kí a tó ronú kàn án, ó ti lọ.

Títí di òní, a kò mọ ohun tó wà ní etí béárì yẹn. Ó lè má sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá ni pé oníbàárà mọ ibi tí à á wò, àwa tí a ni ọjà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ta aṣọ òkè, tó bá fọwọ́ kan sányán, á mọ̀ bóyá sányán gidi ni. Ẹni tó ń ta iṣu á wo idí iṣu, á mọ èyí tó máa jẹrà. Kí ló wá dé tí àwa tí à ń ta ohun ìṣeré tòkunbọ̀ fi ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni da iyanrìn, tí à ń pariwo pé mú èyí tó wù ọ́? Èrò tiwa ni pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ta nǹkan, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Béárì ni ẹranko tí Dáfídì pa pẹ̀lú kìnnìún nínú Bíbélì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1902, ààrẹ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Theodore Roosevelt, tí àwọn èèyàn ń pè ní Teddy, lọ ṣe ọdẹ ní Mississippi. Kò rí béárì pa. Ni àwọn tó bá a lọ bá so béárì kan mọ́ igi, wọ́n ní kó yìnbọn fún un. Ó ní òun kò ní yìnbọn fún ẹranko tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀. Clifford Berryman ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀, Morris àti Rose Michtom, tí wọ́n ń ta súìtì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Brooklyn, rán béárì aṣọ kan, wọ́n gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pè é ní béárì Teddy. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ rí i pé oníṣòwò bíi tiwa ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn olówó ń wá kiri jù ni ti Jámánì. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Margarete Steiff ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1847 ni wọ́n bí i ní ìlú Giengen. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un láti kékeré, kò lè rìn, orí kẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún pàápàá kò lágbára. Síbẹ̀ ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ní 1880, ó rán erin kékeré tí àwọn télọ̀ máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé bá sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ó rí i pé ibẹ̀ ni ọjà wà, ó sì yí ojú iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ní 1902, Richard, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ya béárì tó lè mi apá àti ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní ọjà ńlá Leipzig ní 1903, oníṣòwò kan láti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n bá òun ṣe 3,000. Nígbà tó fi máa di 1907, béárì tí wọ́n ṣe lọ́dún kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 974,000. Ẹni tí kò lè dìde dúró ló dá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ o! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìṣòwò kékeré ni tiyín, ẹ gbọ́?

Bí ọjà ṣe ń tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayédèrú ń yọjú. Ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan bọ́tìnnì irin kékeré mọ́ etí òsì gbogbo béárì wọn ní 1904, kí oníbàárà lè mọ ojúlówó. Àwòrán erin ló wà lára àwọn bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, orúkọ STEIFF ni wọ́n ń kọ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin wa ọjọ́sí fi ń tú irun etí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, bọ́tìnnì nìkan kò tó. Ilé iṣẹ́ yẹn ṣì ń ṣe béárì títí di òní, bọ́tìnnì sì wà létí àwọn tuntun náà. Wọ́n tún máa ń ṣe tuntun tó jọ ti àtijọ́. Nítorí náà, gbogbo ara béárì lẹ máa yẹ̀ wò. Èyí tó pẹ́ gan-an, irun ewúrẹ́ Àǹgórà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irun rọ́bà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀: á le, á máa dún ṣàràṣàrà, nítorí èérún pákó gígùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Apá rẹ̀ á gùn, ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Imú rẹ̀ á yọ síwájú bíi ti ajá, òwú ni wọ́n fi rán an. Ẹ fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ máa bá iké níbẹ̀. Ojú rẹ̀ lè jẹ́ bọ́tìnnì dúdú irú ti bàtà àtijọ́, tàbí kó jẹ́ gíláàsì. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, irú aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe àkẹtẹ̀ òyìnbó ni.

Ti Bìrìtéènì náà wà, àwọn béèlì tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sì pọ̀ lọ́jà wa. Merrythought bẹ̀rẹ̀ ní Ironbridge ní 1930. Chad Valley wà, Chiltern wà, Farnell náà wà. Farnell ni wọ́n gbà pé ó ṣe béárì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù Harrods ní 1921 fún ọmọ kékeré kan, Christopher Robin Milne. Orí béárì yẹn ni bàbá rẹ̀ ti kọ ìtàn Winnie-the-Pooh, béárì náà sì wà ní ilé ìkàwé ńlá New York báyìí. Ọ̀pọ̀ béárì Bìrìtéènì láti àwọn ọdún 1920 wá máa ń fúyẹ́ ju ti Jámánì lọ, nítorí òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú wọn, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ìrọ̀rí. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa, àmì aṣọ pélébé lè wà níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí kì í ṣe ti àtijọ́? Ìyẹn rọrùn. Tí ẹ bá rí àkọlé polyester lára rẹ̀, kò lè jẹ́ ti ìgbà Margarete, nítorí aṣọ yẹn kò tíì sí láyé nígbà náà. Tí ẹ bá rí lẹ́tà CE, ó ti ọdún 1990 síwájú wá, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì náà sára ohun ìṣeré. Tí ojú rẹ̀ bá jẹ́ ike, tí ara rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù, ẹ tà á fún ọmọ tó ń sunkún, kí ẹ sì gba owó yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye. Ní 1994, ilé gbànjo Christie's ní London ta béárì Steiff kan tí wọ́n ṣe ní bí ọdún 1904, tí wọ́n ń pè ní Teddy Girl, ní 110,000 pọ́n-ùn. Ará Japan ló rà á. Kí ni ó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀gágun kan ní Bìrìtéènì ló ni ín láti kékeré, fọ́tò wà, ìtàn rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìtàn ló gbówó lórí rẹ̀. Béárì inú béèlì kò ní ìtàn mọ́, ó ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ká má tan ara wa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa lá àlá mílíọ̀nù. Ẹ tún rántí 974,000 yẹn: nǹkan lè pẹ́ kó má sì ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni àwọ̀ tí wọn kò ṣe púpọ̀, bí àwọn béárì dúdú tí Steiff ṣe fún Bìrìtéènì ní 1912, ọdún tí ọkọ̀ ojú omi Titanic rì.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti sọ pé àṣedànù ni gbogbo èyí, pé ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún béèlì, bóyá ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wíwo etí béárì kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta ọjà rẹ̀. Ẹ rántí ère ìbejì tí àwọn bàbá àti ìyá wa ń tà ní ọ̀pọ̀ fún àwọn tó ń kó o kiri. Lónìí ó wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Òyìnbó, owó ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó wò ó. Àwọn tó rà á kò ja ẹnikẹ́ni lólè, wọ́n kàn mọ ohun tí a kò bìkítà láti mọ̀ ni. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí ejò kan náà bu wá jẹ?

Àwọn ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe nìyí. Ẹ má fọ béárì àtijọ́. Èérún pákó inú rẹ̀ á mu omi, á jẹrà, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ má yọ bọ́tìnnì etí rẹ̀. A mọ̀ pé ìyá rere á fẹ́ yọ ọ́ kí ọmọ má bàa gbé e mì, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún béárì tí ọmọ máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kì í ṣe ti ọmọdé rárá, torí wáyà ni wọ́n fi mú ojú gíláàsì rẹ̀ dúró. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ má sì gbìyànjú láti kan bọ́tìnnì èké mọ́ etí tẹ́dì tuntun. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, orúkọ gbogbo ìlà ló máa bàjẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á bá yín tà á ní ìlú Òyìnbó, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó fọ́ọ̀mù wá. Christie's máa ń wo fọ́tò nǹkan, á sì sọ bí ó ṣe rí sí wọn, láì gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba owó yín kó tó wo ọjà yín, ẹ sá fún un.

Àbá wa fún ìpàdé ni pé kí á lẹ àwòrán béárì àtijọ́ àti bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ìsọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé nínú béèlì, kó má tà á lọ́jọ́ náà. Kó gbé e wá, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jọ wò ó, kí á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Tó bá jẹ́ nǹkan, tirẹ̀ ni, ẹgbẹ́ kò ní gba nínú rẹ̀. Tí kò bá jẹ́ nǹkan, kó gbé e padà sórí àtẹ. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Àwa kì í ṣe ẹyẹ. Ká máa sọ fún ara wa.

Ọjà á gbè wá o. Ire.