Ta ni A Lè Pè ní Ẹni Tó Níṣẹ́ Lọ́wọ́?

Nígbà tí a ń kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde jọ fún ayẹyẹ ọdún yìí, àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí ó dà wá láàmú ju ìyókù lọ: àyè iṣẹ́. Àwọn kan fi í sílẹ̀ lófìfo. Àwọn kan kọ "òwò" láìsọ irú òwò tí wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan tí ó ti gboyè ní yunifásítì kọ "ó ń bọ̀ lọ́nà". A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ ìjọba. Fún oṣù mẹ́ta tí ó parí ọdún 2020, Àjọ Ìṣirò ti orílẹ̀-èdè yìí, NBS, sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó tó iṣẹ́ ṣe, tí wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́, ni kò ríṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àjọ yìí kan náà gbé iye tuntun jáde: ìdá 4.1 péré, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ilé iṣẹ́ ti ń hù bí olú ní Ṣómólú. Òdiwọ̀n ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ wà lára àwọn aláìníṣẹ́; nísinsìnyí, ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ tí owó tàbí èrè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje ti di òṣìṣẹ́.

Kí a má purọ́ mọ́ àjọ náà. Òdiwọ̀n Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó sì ń lò ó. Ogún wákàtí àtijọ́ pàápàá, ènìyàn ni ó yàn án. Ogójì ni kí ó tó di ogún.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń forúkọ sílẹ̀ nítorí pé owó ìrànwọ́ wà níbẹ̀. Níhìn-ín, a ti dá àjọ NDE sílẹ̀ láti ọdún 1986, síbẹ̀ kò sí owó kankan tí ìjọba ń san fún aláìníṣẹ́ kí ó fi jẹun títí iṣẹ́ yóò fi dé. Nítorí náà, ta ni ó lè jókòó sílé? Ọ̀dọ́mọkùnrin Bariga yóò lọ bá wọn kó yanrìn létí ọ̀sà. Ẹnìkejì rẹ̀ ní Ṣómólú yóò dúró ní ìsọ̀ àwọn onítẹ̀wé, bóyá ẹnì kan yóò gbé ìwé ètò ìsìnkú wá. Bí ọdún bá ń parí lọ, kàlẹ́ńdà wà láti tẹ̀; bí ìbò bá ń bọ̀, pósítà wà. Bí oṣù kìn-ín-ní bá dé, ẹ̀rọ a dákẹ́. Ẹni tí ó fi wákàtí mẹ́ta ká ìwé lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ kan náà ni ìṣirò fún òun àti òṣìṣẹ́ báǹkì.

Ìwé ìròyìn NBS náà kò fi èyí pamọ́: ìdá 92.6 àwọn tí ó pè ní òṣìṣẹ́ ni kò sí lábẹ́ ètò iṣẹ́ tí òfin dáàbò bò. Iye yẹn ni ó yẹ kí àwọn olóṣèlú máa kà sí wa létí, kì í ṣe 4.1.

A rántí àwọn tí baálé ilé rí lọ́jà ní wákàtí kọkànlá, nínú Mátíù orí ogún. Wákàtí kan ni àwọn náà ṣe nínú ọgbà àjàrà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ odidi ọjọ́ ni wọ́n gbà. Àwọn oníṣirò wa mú wákàtí náà, wọ́n gbàgbé owó.

Iye gbogbogbòò fún orílẹ̀-èdè kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Bariga fún wa. A rọ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti ìdàgbàsókè Bariga kí wọ́n ṣí ìwé orúkọ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ iṣẹ́ ọwọ́, iye wákàtí àti iye tí ó ń wọlé sí i. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde náà yóò ṣe tirẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tuntun, a ti yọ àyè iṣẹ́ kúrò, a sì fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, wákàtí mélòó ni ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ǹjẹ́ ó tó yín jẹ? Ẹ̀yin òbí lè bá àwọn ọmọ yín tí ojú ń tì kọ ọ́. Ọwọ́ akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù náà wà.